Ifá Kì í Ṣe Ìwé Ètò Ọdún Mẹ́wàá



Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kò ní dùn mọ́ gbogbo awo nínú. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń wo àṣà kan tó ń gbilẹ̀ láàárín wa, tí mo sì ń retí pé àwọn àgbà tó jù mí lọ yóò bá a wí. Wọn kò bá a wí. Bí àgbà bá dákẹ́ pẹ́ lórí ohun tí kò tọ́, àwọn ọmọdé a máa rò pé bí wọ́n ti ń ṣe é láti ìpilẹ̀ nìyẹn. Èmi náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Mi ò lè máa sọ pé mo ń dúró de àgbà mọ́.

Àṣà náà nìyí. Ènìyàn wá tẹ Ifá. Wọ́n ṣe ìtẹ̀nifá parí, odù yọ, wọ́n sọ èèwọ̀ rẹ̀ fún un. Títí dé ibẹ̀, ohun gbogbo rí bí àwọn baba wa ti ṣe é. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, awo náà yóò fi ìwé kan ránṣẹ́ sí i, tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ dáadáa, tí wọ́n ya àwòrán ọpọ́n Ifá sí lórí. Nínú ìwé yìí ni wọ́n to ayé ẹni náà sí lọ́dọọdún: ọdún tí yóò ríṣẹ́, irú iṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ ṣe láéláé, ọdún tí yóò gbéyàwó, ọdún tí yóò kọ́lé, ọdún tí yóò kọjá òkun. Àwọn kan ń pè é ní àtẹ àyànmọ́. Àwọn oníbàárà òkè òkun ń fi dọ́là san owó rẹ̀, àwọn ti ilé ń yáwó san án.

Mo ní kì í ṣe Ifá. Ètò ni. Ènìyàn ló fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ gbé e kalẹ̀, tó sì fi orúkọ Ọ̀rúnmìlà bò ó mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo mọ ibi tí wọ́n ti kó àṣà yìí wá. Kì í ṣe ilé olúwo kankan. Ọ́fíìsì ló ti wá, níbi tí wọ́n ti ń bi ọmọ tó wá wáṣẹ́ pé ipò wo ló fẹ́ wà ní ọdún márùn-ún sí àkókò yìí. Orí rédíò ló ti wá, lẹ́nu àwọn tó ń sọ fún ọ̀dọ́ pé ẹni tí kò bá kọ ètò ayé rẹ̀ sínú ìwé ti kùnà kó tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn awo kan gbọ́, ojú tì wọ́n. Ó dà bíi pé àwọn baba wa kàn ń rìn kiri ni, tí àwọn ẹlòmíràn sì mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ni wọ́n bá so táì mọ́ Ọ̀rúnmìlà lọ́rùn kó lè jọ ará ọ́fíìsì.

Ẹ jẹ́ ká wo bí a ti ń dá Ifá ná. Odù yọ lójú ọpọ́n. Ṣé a máa ń ká ẹní níbẹ̀ ni? Rárá o. Ìbò la ó mú. A ó béèrè bóyá ire ni tàbí ibi. Bó bá jẹ́ ire, a ó béèrè irú ire tí í ṣe: ṣé ire ajé ni, ṣé ire aya tàbí ọkọ ni, ṣé ire ọmọ ni, ṣé ire àìkú ni, ṣé ire ìṣẹ́gun ni. Bó bá jẹ́ ibi, bákan náà la ó ṣe. A ó tún béèrè ohun tí Ifá yóò gbà, àti ibi tí a ó gbé e lọ. Ìdáhùn kan ló ń bí ìbéèrè tó tẹ̀ lé e. Awo tó bá ti mọ gbogbo ìdáhùn kó tó mú ìbò, kí ló ń mú ìbò ṣe?

Ẹ tún wo oníbàárà. Kì í sọ ohun tó gbé e wá fún awo. Owó ló ń sọ ọ́ sí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Awo a sì máa kí Ifá lọ, láti ẹsẹ kan dé òmíràn nínú odù tó yọ, títí oníbàárà yóò fi gbọ́ èyí tó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu, tí yóò ní, "Baba, èyí ni." Odù 256 ló wà, ẹsẹ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò sì ṣeé kà tán. Nínú odù kan ṣoṣo, ẹ ó rí ẹsẹ tí àgbẹ̀ ti là, ẹ ó rí èyí tí oníṣòwò ti là, ẹ ó sì rí èyí tí àwọn méjèèjì ti pàdánù nítorí wọn kò rúbọ. Báwo wá ni awo ṣe lè fi odù kan ṣoṣo dájọ́ pé ọmọ ènìyàn kò gbọdọ̀ dáko títí tí yóò fi kú? Èèwọ̀ ẹran, èèwọ̀ ọtí, èèwọ̀ aṣọ, ìyẹn wà. Mi ò bá ìyẹn jà.

Ọ̀sẹ̀ Ifá wá ńkọ́? Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ló ń pé, bí a bá ka ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀, a ó jí, a ó bọ Ifá, a ó bi í léèrè ohun tí ọjọ́ márùn-ún tó ń bọ̀ gbé lọ́wọ́. Bí ọdún bá yí po, a ó tún ṣe ọdún Ifá, a ó dá Ifá ọdún. Bí odù ìtẹ̀nifá bá ti la gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, a jẹ́ pé àwọn baba wa ti ń fi obì ṣòfò láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Wọn kò fi ṣòfò. Wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ tí a dá Ifá kọ́ ni ọjọ́ tí a ń gbé inú rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Òjò lè pẹ́ kó tó rọ̀. Ẹni tí a gbójú lé lè kú. Ọjà lè tú.

Àwọn kan yóò sọ fún mi pé àyànmọ́ ò gbóògùn. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá gbóògùn rárá, kí lo gba ewúrẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà ṣe? Awo tó gbà gbọ́ pé ọ̀nà ayé kò ṣeé yí ní ìbú bí ìka, tó sì ń gba ẹran ẹbọ, kó wá ọ̀rọ̀ mìíràn tí à ń pe irú ìṣòwò bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mo ń bá kiri. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi. Ọmọ ìlú wa ni, ó kàwé gboyè, Èkó ló ń gbé. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ní Ifá níbòmíràn, wọ́n sì ti kọ ìwé fún un pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ oko, pé òkè òkun ni ọlà rẹ̀ wà, pé ọdún báyìí ni yóò lọ. Bàbá rẹ̀ kú, ó fi oko kòkó sílẹ̀ fún un. Ọmọ náà kò dé oko. Ọdún tí ìwé dá kọjá, kò sì rí òkè òkun lọ. Nígbà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ mi, afòmọ́ ti bo orí igi kòkó, èso ti dúdú ti rà sórí igi nítorí kò sẹ́ni tó ká a kúrò. Ẹ sì mọ̀ pé kòkó tó bá ti dúdú lórí igi, kì í dúró lórí igi kan. Ohun tó wá bi mí kì í ṣe bí yóò ti tún oko ṣe. Ẹni tó ń di òun lọ́wọ́ ló fẹ́ mọ̀: ṣé ìyá ìyàwó òun ni, àbí àbúrò bàbá òun?

Ẹ kíyè sí i o. Ìwé tó kùnà kò jẹ̀bi. Awo tó kọ ọ́ kò jẹ̀bi. Ènìyàn kan nínú ẹbí ni yóò jẹ̀bi, pàápàá bó bá jẹ́ obìnrin àgbà. Mo ti rí ilé tó tú nítorí pé ọdún kan tí wọ́n kọ sórí ìwé kò bọ́ sí i. Ìdí rèé tí mi ò fi lè rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn tó ń kọ ìwé yìí fẹ́ràn láti máa fi ìtàn ilé Àjàlá gbe ara wọn lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká tún un wò. Inú Ogbè Ògúndá ló wà. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń bọ̀ wá sáyé: Orísẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n ní kí wọ́n lọ yan orí nílé Àjàlá, kí wọ́n má sì yà síbì kankan lójú ọ̀nà. Ètò nìyẹn, ó sì ṣe tààrà. Àwọn méjì àkọ́kọ́ pa á mọ́ láìyẹsẹ̀. Wọ́n dé ilé Àjàlá, wọn kò bá a, wọ́n fọwọ́ ara wọn mú orí tó dán tó sì tóbi. Wọn kò mọ̀ pé iná kò mú un dáadáa. Òjò pa wọ́n lójú ọ̀nà ayé, orí náà sì ṣí lọ díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ku nǹkan kan.

Afùwàpẹ́ ní òun kò ní kọjá ilé bàbá òun. Ó yà. Wọ́n dá Ifá fún un, wọ́n ní kó fi iyọ̀ àti owó ẹyọ rúbọ. Nígbà tí wọ́n rú u tán, wọ́n bu díẹ̀ fún un nínú iyọ̀ àti owó náà pé kó mú un dání. Kò sẹ́ni tó sọ fún un ohun tí yóò fi ṣe. Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀. Afùwàpẹ́ gbé iyọ̀ rìn láìmọ ọbẹ̀ tí yóò bu ú sí. Ó dé ọ̀dọ̀ oníbodè, ó bá a tó ń fi eérú se ọbẹ̀. Ó bu iyọ̀ sí i fún un. Adùn tí ọkùnrin náà kò tọ́ wò rí ló mú kó sọ àṣírí Àjàlá fún un: pé ajigbèsè ni, pé àjà ilé ló máa ń sá pamọ́ sí bí olówó bá dé, pé ẹni tó bá bá a san gbèsè ni yóò yan orí rere fún. Afùwàpẹ́ dé ibẹ̀, ó bá olówó tó jókòó, ó fi owó ọwọ́ rẹ̀ san án. Àjàlá sọ̀kalẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì yan orí tó le fún un.

Wọ́n máa ń fi ìtàn yìí wàásù pé ohun tí a yàn la ó bá. Òótọ́ ni, ìyẹn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni Afùwàpẹ́ ṣe tí àwọn yòókù kò ṣe? Ó dúró bi Ifá léèrè. Ó mú ohun tó lè wúlò dání. Ó lajú sí ohun tó bá pàdé, ó sì lo ohun ọwọ́ rẹ̀ níbi tí ó ti yẹ. Bí awo òde òní bá kọ àtẹ àyànmọ́ fún Afùwàpẹ́, yóò kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Má yà." Ìtàn mìíràn sì wà nínú Ifá, níbi tí gbogbo orí ti péjọ láìpe Ẹsẹ̀, tí ohun tí wọ́n dáwọ́ lé kò sì ṣeé ṣe títí wọ́n fi ránṣẹ́ pè é. Àwọn oníwèé yìí kì í ka ìyẹn fún oníbàárà.

Ẹni tí kò bá fẹ́ gba ẹ̀rí ìtàn Ifá, kó gbójú sókè wo àwọn òkè tó yí wa ká ní Ìdànrè níbí. Orí òkè làwọn baba wa gbé láti ayé Ọlọ́fin, nítorí ogun kì í fi bẹ́ẹ̀ gun àpáta. Ilé ìwé tó wà lókè lọ́hùn-ún, 1896 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó wà níbẹ̀, 1906. Ẹni tó bá ń kọ́ ilé ẹjọ́ kò ní in lọ́kàn pé ìlú yóò ṣí kúrò lọ́la. Síbẹ̀, ní 1923, ìlú sọ̀kalẹ̀ wá sí Odòde. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ogun ti tán ní ilẹ̀ Yorùbá. Ilẹ̀ igbó tó gba kòkó wà nísàlẹ̀, ọ̀nà ọjà wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ sì ti ń rẹ àwọn tó ń ru ẹrù gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600. Ìdí tí a fi ń gbé orí òkè ti kú, àwọn àgbà sì rí i pé ó ti kú. Wọn kò fi orí òkè sílẹ̀ bí ẹni tó sá. Ààfin wà lókè títí dòní, a sì ń gun òkè lọ ṣe ohun tó yẹ ká ṣe níbẹ̀. Ìbùgbé ni wọ́n yí padà. Wọn kò yí ẹni tí wọ́n jẹ́ padà.

Kòkó fúnra rẹ̀, ta ló ṣètò rẹ̀? Òwú ni ìjọba òyìnbó fẹ́ kí a gbìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò òwú láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó owó wá, wọ́n gba ilẹ̀ sí Moor Plantation ní Ìbàdàn láti fi òwú kọ́ àwọn àgbẹ̀ wa. Ètò wọn wà nínú ìwé, ó sì gún régé, nítorí ilé iṣẹ́ aṣọ wọn ń wá òwú. Ṣùgbọ́n ní Agége, lóko J.K. Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kòkó ti ń so. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wá ṣiṣẹ́ lébìrà níbẹ̀ wo òwú, wọ́n wo kòkó, wọ́n mọ èyí tó ń pa owó wọlé. Wọ́n di irúgbìn sínú àpò, wọ́n gbé e lọ sílé. Ní ìhà Oǹdó, Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips wà lára àwọn tó gbé e lárugẹ. Láti oko kan dé òmíràn ni kòkó fi rìn wọ inú igbó wa. Kò sí ọ́fíìsì kankan tó kọ ọ́ sínú ètò pé Ìdànrè yóò di ọ̀kan nínú àwọn ibi tí kòkó ti pọ̀ jù ní Nàìjíríà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan tó nira fún ọmọ Ìdànrè láti sọ. Olóyè Gabriel Akin-Deko, ọmọ ìlú wa, jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn ní ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Awólọ́wọ̀. Ènìyàn pàtàkì ni. Wọ́n sọ gbọ̀ngàn ńlá kan ní Yunifásítì Benin ní orúkọ rẹ̀. Ní 1959 ni ètò ìbùdó àgbẹ̀ tí òun àti ìjọba rẹ̀ gbé kalẹ̀ jáde. Wọ́n wo bí wọ́n ti ń ṣe é ní Ísírẹ́lì, wọ́n ní àwọn ọmọ tó jáde ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yóò kọ́ṣẹ́ ọ̀gbìn òde òní, ìjọba yóò fún wọn ní ilẹ̀ àti ilé, wọn yóò máa san gbèsè padà bí oko bá ti ń so. Èrò rere ni. Àwọn ọmọ tó ti kàwé ń sá kúrò lóko, ó sì fẹ́ dá wọn padà pẹ̀lú iyì.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, bí Ìlọrá àti Àkùfò, gba owó rẹpẹtẹ lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà kò dúró. Wọ́n rí ara wọn bí òṣìṣẹ́ ìjọba: ọ̀gá ló ń sọ ohun tí wọn yóò gbìn, ìgbà tí wọn yóò gbìn ín, àti ibi tí wọn yóò tà á sí. Bí nǹkan bá yí, wọ́n ń retí lẹ́tà. Ní àkókò kan náà, àwọn bàbá tí kò mọ̀wé rárá wà nínú igbó Ìdànrè, tí wọ́n ń gbin kòkó sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí oòrùn má baà pa á. Wọ́n gbin kókò sáàárín rẹ̀: kókò fún ikùn, kòkó fún àpò. Kòkó kì í so kó tó pé ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n sì ń tà jẹ títí ìgbà náà. Bí owó kòkó bá já, wọ́n á tẹ̀ síwájú nínú obì tàbí ọ̀pẹ. Àwọn wọ̀nyí kò ní ètò? Wọ́n ní in. Ètò tiwọn ní ibi tí ó ti ń yà ni. Mi ò sọ èyí láti tàbùkù Akin-Deko. Ẹni tó bá ní ìfẹ́ ìlú tó o, tó sì tún gbọ́n tó o, lè ṣe ètò tí kò ní ilé bàbá kan tí a lè yà sí lójú ọ̀nà.

Ti ìjọba àpapọ̀ kò gba àkókò mi. Ètò ìdàgbàsókè ti 1962 sí 1968 bá ìfipágbàjọba pàdé ní 1966, ó sì bá ogun pàdé ní 1967. Ní 1975, símẹ́ńtì tí wọ́n ti ṣètò láti rà pọ̀ débi pé ọkọ̀ ojú omi tò sí ẹnu òkun Èkó tí wọn kò rí àyè já ẹrù. Èyí tí wọ́n pè ní Vision 20:2020 sọ pé a ó wà lára orílẹ̀-èdè ogún tí ọrọ̀ ajé wọn tóbi jù lọ kí 2020 tó parí. Ọdún náà dé, àrùn kòrónà ló bá wa nílé.

Mo gbọ́ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ yóò sọ. Wọn yóò ní, "Baba, ṣé kí a má ṣètò mọ́ ni? Ṣé bí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́ ni ká máa lọ?" Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé òun ń bá ayé yí, tó ń ṣe mẹ́kánííkì lónìí, tó ń ta fóònù lọ́la, tó di wòlíì lọ́tùúnla, kì í ṣe Afùwàpẹ́. Kò mú iyọ̀ kankan dání. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn, tí Awókọ̀yà gbé wá síwájú ilé ìgbìmọ̀ ní 1952, tó sì bẹ̀rẹ̀ ní January 1955, ètò gidi ni, èmi tí mò ń kọ èyí náà jẹ nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé fò láti nǹkan bí 456,000 ní 1954 sí nǹkan bí 811,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Iye náà ju èyí tí wọ́n ti rò lọ. Wọn kò sọ pé kí àwọn ọmọ tó ṣẹ́ kù padà sílé nítorí pé wọn kò sí nínú ìwé. Wọ́n wá olùkọ́ kún olùkọ́, àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ níwọ̀nba pàápàá. Àwọn kan bú wọn nítorí ìyẹn. Èmi kò bú wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà la ti ṣe kọ́ Ifá. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ olúwo mi, kò sẹ́ni tó dá iye ọdún tí màá lò. Ìlànà wà: ọ̀pẹ̀lẹ̀ la ó kọ́kọ́ mọ̀, a ó mọ àwọn ojú odù mẹ́rìndínlógún, ká tó bọ́ sí àwọn ọmọ odù. Ìyẹn kì í yẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a ó kọ́ lónìí, ẹni tó bá wọlé lónìí ló ń mú un wá. Bí aláìsàn bá dé, ewé la ó kọ́. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, oko la ó lọ, àwọn ewé tí òjò gbé yọ la ó sì máa dárúkọ bí a ti ń lọ. Baba kì í ṣàlàyé ìdí. Mo ti kọ́ àwọn ẹsẹ kan ní ogún ọdún kí n tó pàdé oníbàárà tó ni wọ́n.

Ní ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan ju dọ́là 10,000 lọ lọ́jà àgbáyé. Mo mọ àwọn tó jókòó níbí tí wọ́n fi ìwọ̀n yẹn ṣètò ọdún márùn-ún: ilé tí wọn yóò kọ́, ọkọ̀ tí wọn yóò rà, gbèsè tí wọn yóò jẹ nítorí rẹ̀. Kí 2025 tó parí, owó náà ti já dé nǹkan bí ìdajì. Àwọn tó ń wá sí ọ̀sẹ̀ Ifá lọ́dọ̀ wa nígbà náà, ìkìlọ̀ ni wọ́n ń gbọ́ lórí owó yíyá, ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀. Àwọn mìíràn bínú. Wọ́n ní kí Ifá sọ iye tí yóò jẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀ ni wọ́n ń fẹ́.

Awo ẹlẹgbẹ́ mi kan sọ fún mi pé oníbàárà ló ń béèrè fún ìwé, pé bí òun kò bá kọ ọ́, ilé awo mìíràn ni wọn yóò lọ. Mo gbà pé wọn yóò lọ. Oníbàárà tún máa ń béèrè pé kí a bá òun pa ọ̀tá. Ṣé a ti ń ṣe ìyẹn náà? Ohun tí ẹ̀rù ń béèrè fún yàtọ̀ sí ohun tí ara nílò. Ẹ̀rù ọjọ́ ọ̀la ló ń ba ọmọ tó wà ní London tàbí Houston tó ń wá ìwé yìí. Ó fẹ́ kí ẹnì kan sọ fún òun pé gbogbo rẹ̀ ti parí, kí òun lè sùn. Kò sí ìwé tó ṣe ìyẹn fún un. Ohun tí Ọ̀rúnmìlà fún un ni ọ̀nà àtibéèrè, lónìí àti lọ́jọ́ márùn-ún sí i, kó má baà dá rìn.

Nítorí náà, ẹ̀yin awo tí ẹ ti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ pe àwọn tó ni ín. Ẹ sọ fún wọn pé odù wọn ṣì wà, èèwọ̀ wọn ṣì wà, ṣùgbọ́n àwọn ọdún tí ẹ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ yín ni wọ́n ti wá. Ẹni tó bá ti fi oko tàbí aya sílẹ̀ nítorí ìwé náà, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Bí wọ́n bá béèrè owó wọn, ẹ dá a padà. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n mú obì wá lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀, kí ẹ gbé Ifá kalẹ̀, kí ẹ sì jọ béèrè ohun tó kàn.